Ọwọ́ Ìyá Ẹ̀ Ni

Òjòwú ni mí. Mi ò ní fi bò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tá a jọ dàgbà nílé bàbá wa ní Sùúrùlérè mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti kékeré: wọ́n ní bí wọ́n bá bu ẹran tó tóbi ju tèmi lọ fún ẹlòmíì, mi ò ní sunkún, màá kàn gbé àwo mi sílẹ̀ ni, màá sì máa wo ẹni náà títí ẹran á fi há a lọ́fun. Nígbà tí mò ń lọ sílùú òyìnbó, mo rò pé owú yẹn máa gbélé. Irọ́ ni. Kò gba físà, kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì débẹ̀ ṣáájú mi.

Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní ni mo fi sílẹ̀ lọ. Mojísọ́lá lorúkọ ẹ̀, Mojí la máa ń pè é. Oyún ẹ̀ kò ju oṣù méje lọ tí mo fi bí i. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, mo sì mọ ohun tí mò ń wò lọ́jọ́ náà: ọmọ tí orí ẹ̀ kò tóbi ju ọsàn lọ, tí awọ ara ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ò ń rí iṣan lábẹ́ ẹ̀. Níbi tí mo bí i sí, àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ móoru kò ju ẹyọ kan lọ, ọmọ méjì ló sì ti wà nínú ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ti kó ẹrù ẹ̀ tọ obìnrin míì lọ kí n tó rọbí, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tán síbí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbà wá sílé.

Àǹtí Ìbídùn lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi yìí. Tíṣà ni ní Àgùdà, opó ni, kò sì bímọ. Àwa méjèèjì la jọ gbé Mojí sáyà. Bó bá rẹ̀ mí, Àǹtí á gbà á, òwú lórí ọmọ, ìgò omi gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé máa ń gbàgbé láti mí. Mi ò ṣàwàdà, wọ́n á kàn gbàgbé ni. Bí Mojí bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, màá ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, màá sì pe oríkì ẹ̀ sí i létí: Àbẹ̀ní. Àbẹ̀ní mi. Á sì mí. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo pè é padà báyẹn láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́.

Ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí àyè ìlú òyìnbó yọ fún mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo máa lọ, ẹrù mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, mo fa Àǹtí wọ yàrá.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ pè é ní Mojí, ẹ pè é ní Mojísọ́lá, ẹ pè é ní ohunkóhun tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe oríkì ẹ̀. Àbẹ̀ní yẹn, ẹnu tèmi nìkan ni mo fẹ́ kó ti máa gbọ́ ọ."

Àǹtí wò mí títí. Mo mọ̀ pé ó ń rántí pé àyà tiẹ̀ náà ni ọmọ yìí sùn lé. Ó ní, "Mo ti gbọ́."

Ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù lọ́hùn-ún. Ní Àgùdà, o ò lè sùn kí o má gbọ́ rédíò onírédíò, kí àdúrà mọ́ṣáláṣí má jí ẹ, kí ọmọ ẹnìkan má máa ka tábìlì ìsọdipúpọ̀ létí fèrèsé ẹ. Nínú yàrá tí mo gbà ní ìlú kékeré kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fíríìjì ẹni tó ń gbé lókè mi ni mò ń gbọ́. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mọ ìrísí ẹni tó ni fíríìjì náà. Lọ́jọ́ tá a pàdé lórí àtẹ̀gùn, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ nítorí pé àgbàlagbà ni, ó sì rò pé mo fẹ́ ṣubú, ó gbá mi lápá mú.

Ní Èkó, Sístà ni mí, mò ń so bẹ́líìtì ọ̀gá nọ́ọ̀sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń dìde bí mo bá wọlé. Lọ́hùn-ún, wọ́n ní wọn ò tíì mọ bí ìwé mi ṣe tó, wọ́n fún mi ní yunifọ́ọ̀mù àwọn tó ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ọmọ tí mo lè bí á dúró sí ìkángun wọ́ọ̀dù, á fi orúkọ mi ké sí mi pé kí n wá gbé garawa. Màá gbé e. Màá wo bẹ́líìtì ẹ̀ bó ṣe ń dán, màá sì gbé garawa lọ. Ìgbà tí mo bá délé ni màá tó fi Yorùbá dá a lóhùn, èmi àti fíríìjì lókè.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ni wọ́n fi mí sí, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ẹ̀rọ náà. Dókítà àgbà ibẹ̀, obìnrin gíga kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ló ń lò ó. Ẹ̀rọ yìí ń ya ohun tí ọpọlọ ọmọ ń ṣe sórí pépà. Wáyà mẹ́ta tín-ín-rín la máa ń lẹ̀ mọ́ orí ọmọ, lẹ́yìn náà kálámù inú ẹ̀rọ á máa lọ sókè sódò, pépà á máa yọ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tọ̀sántòru. Ọmọ tí oyún ẹ̀ kò ju oṣù mẹ́fà lọ, ìlà tiẹ̀ máa ń já: ọpọlọ á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á dákẹ́, á tún ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń dàgbà ni ìlà ń so pọ̀. Bí gìrì bá sì mú ọmọ, kálámù á gun òkè, kódà bó jẹ́ gìrì inú tí kò mi ọmọ lápá lẹ́sẹ̀. Ohun tí ojú kò rí, pépà á fi hàn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún. Mo jowú ọmọ ọlọ́mọ, mi ò ní purọ́. Kí ni orí Mojí tèmi ń yà ní gbogbo ìgbà tí mo gbé e sáyà ní Àgùdà? Ṣé ìlà ẹ̀ ń já, ṣé ó ń so? Mi ò ní ju etí mi lọ láti fi mọ̀ bóyá ó ń mí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ní kálámù tó ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ kankan sọ.

Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà torí wáyà kì í dúró lórí ọmọ. Tèmi ń dúró. Ẹni tó ti ń di irun látọmọ ọdún mẹ́jọ, ṣé ó máa ṣòro fún un láti ya irun ọmọ sí méjì kó má dùn ún? Dókítà rí i, ó sì ní kí wọ́n fi mí sídìí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe: kí n lẹ wáyà, kí n sì fi bíró kọ ọ́ sétí pépà nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ọmọ. Wọ́n pààrọ̀ nápíkìn, màá kọ ọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, màá kọ ọ́. Dókítà kìlọ̀ fún mi dáadáa pé ẹ̀rọ náà kò gbọ́n. Bí èèyàn bá ń mi ọmọ, á yà á bíi pé ọpọlọ ọmọ ló ṣe é. Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, náà pè mí, ó ní bí Dókítà bá sọ̀rọ̀ mi dáadáa lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n á dá ipò nọ́ọ̀sì mi padà, wọ́n á sì gbà mí pátápátá. Ẹni tí wọ́n bá gbà pátápátá ló lè ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀. Gbogbo ohun tí mò ń ṣe, orí ìyẹn ni mò ń ṣe é lé.

Ọjọ́ Ìsinmi lọ́sàn-án, lẹ́yìn ìsìn, ni mo máa ń pe ilé. Ọ̀dọ̀ bàbá onílé Àǹtí, Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé nísàlẹ̀, ni fóònù wà. Àǹtí á sọ̀kalẹ̀ wá, Mojí á tẹ̀ lé e. Níbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà á kàn máa ké "Mọ́mì! Mọ́mì!" títí a ò fi ní gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi: "Ẹ káàsán mà." Wọ́n ti kọ́ ọ ní ìwà, ó sì yẹ kí n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ń kí ìyá ẹ̀ bíi pé ó pàdé ìyàwó pásítọ̀? Nígbà tó yá, Àǹtí di Mọ́mì, èmi sì di Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ mi ò gbé Lọ́ńdọ̀nù rí.

Mi ò pe oríkì ẹ̀ lórí fóònù rárá. Ohùn fóònù náà lọ sókè, gbogbo ará pálọ̀ bàbá onílé ló máa ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ, mi ò sì fẹ́ kó bọ́ sí wọn lẹ́nu. Mò ń fi í pamọ́ de ọjọ́ tí màá rí i lójúkojú. Mo rò pé Àgùdà máa dúró sójú kan dè mí, pé ọjọ́ tí mo bá padà, ohun gbogbo á wà níbi tí mo gbé e sí. Ẹni tó bá wà lókèèrè ló máa ń ronú bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà nílé ń jí lójoojúmọ́, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń dàgbà, wọ́n sì ń pe ara wọn lórúkọ.

Oṣù kẹrin tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ ni wọ́n gbé Kéètì wọlé. Oyún oṣù mẹ́fà ni, ọmọbìnrin, ó kéré ju Mojí ìgbà yẹn lọ. Líńdà lorúkọ ìyá ẹ̀, ọmọge lásán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ìwé ni. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Líńdà á wá jókòó, á ti ọwọ́ bọ ihò ẹ̀gbẹ́ àpótí gíláàsì, á máa fi ìka méjì lu ìdí ọmọ ẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́, á máa lù ú títí iṣẹ́jú á fi pọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo wò ó, ara mi gbóná. Ó jókòó síbẹ̀, bọ́ọ̀sì kan ló wọ̀ wá látilé, ó sì lè fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ sétí pépà: ìyá ẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kejì, bíró wúwo lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kẹta, mi ò kọ ọ́. Mo kọ ti nọ́ọ̀sì, mo kọ ti dókítà, mo kọ tèmi. Tiẹ̀ nìkan ni mo fò. Mo sọ fún ara mi pé ìka méjì lásán ni, kí ni yóò ṣe. Ìka méjì lásán ló sì ń jẹ mí nínú. Àárọ̀ ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tí Kéètì gbàgbé láti mí kí Líńdà tó dé. Mo ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti pè é ní Àbẹ̀ní. Ó mí. Mo kọ ọ́ sétí pépà pé èmi ni mo fọwọ́ kàn án, mo sì fa ìlà sábẹ́ ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo pe ilé lọ́jọ́ Ìsinmi. Àǹtí gbé e, a kíra. Ó ní Mojí wà lókè, kí n dúró. Ó gbàgbé láti fọwọ́ bo ẹnu fóònù. Mo gbọ́ ọ kedere tó ké: "Àbẹ̀ní! Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù ń pè o!" Mo sì gbọ́ ọmọ mi tó dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ti ń pè bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ojú mi ṣú. Nígbà tí Àǹtí gbé fóònù padà sétí, mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mo ní, "Àǹtí, bí Ọlọ́run ò bá fún yín lọ́mọ, ṣé tèmi lẹ ó wá jí ni?"

 Mo gbọ́ aago ògiri bàbá onílé tó ń ró. Lẹ́yìn náà Àǹtí ní, "O ti sọ̀rọ̀," ó sì gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, mi ò pè. Mo ní kí wọ́n máa ṣe é lọ, títí màá fi ránṣẹ́ sọ́mọ mi. Oṣù kan ààbọ̀ ló kù kí oṣù mẹ́fà Mátírọ́ọ̀nù pé.

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, Dókítà tú pépà Kéètì sórí tábìlì. Ó fi ìka tọ ìlà lọ, ó dúró. Ó tún tọ̀ ọ́ lọ, ó tún dúró. Lọ́sàn-án lọ́sàn-án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àsìkò kan náà, kálámù ti gun òkè, ó sì ti jókòó síbẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni wà nídìí ọmọ ní àwọn àsìkò yẹn. Mo ní rárá. Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí. Ó mí kanlẹ̀, ó ní gìrì inú ni, pé kí wọ́n fún un ní oògùn kíákíá. Mo mọ oògùn náà. Ó máa ń mú ọmọ ńlá sùn fọnfọn, ó sì lè gba èémí lọ́wọ́ ọmọ tó kéré tó Kéètì.

Wọ́n ṣàlàyé fún Líńdà. Ó bú sẹ́kún, ó ní ṣé òun lòun ṣe é. Nọ́ọ̀sì ti ń fa oògùn sínú síríńjì. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo etí pépà tó funfun báláú níbi tó yẹ kí ìkọ̀wé mi wà. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Mojí ò ní wá. Mo ro ìyẹn dáadáa, mo rò ó títí nọ́ọ̀sì fi gbé síríńjì sókè láti lé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde.

Mo ní, "Dókítà, kì í ṣe gìrì. Ọwọ́ ìyá ẹ̀ ni."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní kí Líńdà ti ọwọ́ bọnú àpótí, kó ṣe bó ṣe máa ń ṣe.  Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìdí ọmọ ẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́, kálámù sì gun òkè lójú wa. Ó gbé ọwọ́ kúrò, kálámù sọ̀kalẹ̀. Dókítà ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ọ̀sì da oògùn nù.

Dókítà mú mi wọ ọ́fíìsì, ó bi mí ìdí tí mi ò fi kọ ọ́. Mo ní mo gbàgbé. Ó tẹ́ pépà náà síwájú mi. Mo ní mi ò gbàgbé, mo ní mò ń jowú obìnrin náà torí ọmọ tèmi wà lókèèrè. Ó sọ pé ó dun òun, ó sì sọ pé òun máa kọ ọ́ sínú ìwé mi, ó sì kọ ọ́. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ti padà sídìí garawa. Ọ̀rọ̀ gbígbà pátápátá di ọdún tó ń bọ̀, bí wọ́n bá tiẹ̀ rí i rò. Líńdà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi gbé ọmọ ẹ̀ lọ sílé. Mi ò bá a wí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo mú káàdì fóònù, mo lọ. Nígbà tí Àǹtí gbé e, mo kúnlẹ̀ sínú àpótí fóònù, àwọn òyìnbó tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ń wò mí láti ìta. Mo ní, "Àǹtí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí mo sọ sínú." Mo sọ ti Líńdà fún un, mo sọ ti pépà, mo sọ pé mi ò mọ ìgbà tí màá lè ránṣẹ́ sí Mojí mọ́.

 Àǹtí ní ohun kan wà tí òun náà fi pamọ́. Ní oṣù kẹta tí mo lọ, ibà gbé Mojí, ara ẹ̀ gbóná janjan, gìrì sì mú un lọ́wọ́ òun. Òun ò jẹ́ kí n gbọ́, kí n má baà ju gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí n máa bọ̀.

Àǹtí ní, "Mo pè é ní Mojí, kò dáhùn. Mo pè é ní Mojísọ́lá, kò dáhùn. Ojú ẹ̀ ti yí sókè. Mo wá rántí ohun tí ìwọ máa ń pè é nígbà tó bá gbàgbé láti mí. Orúkọ wo lo fẹ́ kí n fi pè é padà? Ìwọ náà sọ ọ́. Àtìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí láti pè é ní nǹkan míì."

 Owó orí káàdì ń tán lọ. Mo ní, "Ẹ bá mi pè é, Àǹtí. Ẹ pè é kí n gbọ́."

Ó yíjú kúrò lẹ́nu fóònù. "Àbẹ̀ní o!" Ọmọ náà dáhùn lókè, "Mọ́mì!" Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń sáré bọ̀. Mo di etí mi kejì, mo fi etí nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Ọ̀kan kò wọ́ nílẹ̀, ọ̀kan kò pẹ́ ju èkejì lọ. Gìrì yẹn kò mú nǹkan kan lọ lára ẹ̀. Mo dúpẹ́, inú mi sì ń ta mí síbẹ̀, torí èmi kọ́ ló ń sáré tọ̀ bọ̀.

Ó gba fóònù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ káàsán mà, Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù."

Mo ní, "Káàsán, Àbẹ̀ní."

 Ó hàn pé ó yà á lẹ́nu. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé Àbẹ̀ní ni wọ́n ń pè mí?"

Gbogbo ẹ̀ wà lẹ́nu mi: àyà, òwú, ìgò omi gbígbóná, àtẹ́lẹsẹ̀ tó kéré ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Mọ́mì ẹ ló sọ fún mi."